"Lọ kàwé rẹ!": Báwo lọ́mọ ṣe máa kàwé nítorí pé ó dùn mọ́ ọn?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní ìlú Oǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà wa. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní JS2. Kò burú ní kíláàsì, ṣùgbọ́n bí kò bá ti sí ìdánwò nílẹ̀, kò jẹ́ fọwọ́ kan ìwé. Mo ra ìwé ìtàn mẹ́ta fún un nígbà Kérésìmesì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, eruku ti bò wọ́n. Bàbá rẹ̀ ní kí n máa fún un ní 200 náírà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá kà tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tí WAEC máa bi ní ìtàn ìjàpá. Àǹtí tó ń kọ́ ọ níléèwé ní kí n máa mú un kọ àkópọ̀ orí kọ̀ọ̀kan tó bá kà. Èwo ni kí n ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Mo fẹ́ kó fẹ́ràn ìwé ni o, kì í ṣe kó kàn pàásì.

* * *

Ìyá wa, ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Yorùbá ní Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ẹnu àwa fúnra wa ń sọ ná. Bí a bá ní "Lágbájá kàwé," a ò ní í lọ́kàn pé ó ń gbádùn ìtàn kankan, ohun tí à ń wí ni pé ó gboyè. Bí a bá sì kígbe mọ́ ọmọ pé "Lọ kàwé rẹ!", ìbáwí ni. Ó wà nídìí bọ́ọ̀lù, a ní kó lọ kàwé. Ó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, a ní kó lọ kàwé. Ó fọ́ àwo, a ní, "Ìwọ tó yẹ kó o máa kàwé!" Láti kékeré ló ti mọ̀ pé ìwé ni wọ́n fi ń lé èèyàn kúrò nídìí ohun tó dùn. Ọjọ́ wo ló máa wá gbà pé adùn wà nínú ìwé fúnra rẹ̀?

Èyí tí àǹtí yẹn sọ, mo ti ṣe é rí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba àyè ìṣẹ́jú 40 lọ́jọ́ Ẹtì fún ìwé ìtàn, mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé kan, kó máa kọ orúkọ ìwé tó kà sí i, orúkọ òǹkọ̀wé, àwọn ẹ̀dá ìtàn, àti ẹ̀kọ́ tó rí kọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ò tíì pé tí wọ́n fi mọ ọ̀nà à bùjá. Ohun tó wà lẹ́yìn ìwé ni wọ́n ń dà kọ. Àwọn mẹ́rin kan ṣi orúkọ ẹ̀dá ìtàn kan náà kọ lọ́nà kan náà, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni wọ́n ti jí i wò. Ọmọbìnrin kan wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì, ọmọ tí mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn ìtàn. Ó ní, "Sà, ṣé mo lè kàn kà á, kí n má kọ nǹkan kan?" Ojú tì mí. Èmi tí mo ní mo fẹ́ kí wọ́n gbádùn ìwé ni mo tún sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá.

Mo gba ìwé pélébé wọ̀nyẹn lọ́wọ́ wọn, n ò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Bí oṣù kan lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí ọ̀kan ń pariwo mọ́ ìkejì pé, "Má sọ bó ṣe parí fún mi o!" Èmi ò wá àmì mìíràn jùyẹn lọ.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ owó

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé tó kọ̀wé fèsì sí ìdáhùn yìí ló gbè sẹ́yìn bàbá ọmọ. Ẹnì kan ní òun sanwó fún tòun, ó sì ka ìwé méje láàárín ìsinmi kan. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í pé mélòó ló kà lẹ́yìn tí owó dáwọ́ dúró.

Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Lepper, Greene àti Nisbett, yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò ní 1973. Kì í ṣe ìwé ni wọ́n lò, yíya àwòrán ni. Wọ́n mú àwọn ọmọ jẹ́léósinmi tó ti fẹ́ràn àwòrán yíyà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn kan kí wọ́n tó yà á. Wọn ò sọ nǹkan kan fún àwọn kejì, àfìgbà tí wọ́n yà á tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn lẹ́bùn. Àwọn kẹta ò gba nǹkan kan. Nígbà tó yá, tí wọ́n fi gbogbo wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣeré tó bá wù wọ́n, àkókò tí àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún lò nídìí àwòrán kò ju bí ìdajì tàwọn yòókù lọ. Ohun tí wọ́n ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ tí wọ́n ń retí owó ọ̀yà rẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi kan tí wọ́n ń sanwó fún báyìí, ìwé tó bá fẹ́lẹ́ jù lórí pẹpẹ ló máa ń mú. Ó mọ ìṣirò. Bó bá sì rí ìtàn tó gùn, tó sì dára, ó máa ń ṣí i, ó máa wo iye ojú ìwé tó ní, ó sì máa dá a padà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ náwó, ẹ ná an sórí ìwé. Ẹ mú ọmọ dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lọ́jà, ẹ fún un lówó lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì yàgò fún un. Ẹ jẹ́ kó yan èyí tí kò wù yín.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìjàpọ̀ kọ̀wé pé:

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ dídùn lẹ̀ ń sọ. Ọmọ tèmi ní Físíìsì, Máàsì àti Kẹ́mísìrì láti kà. Ìgbà wo ló máa ráyè ìtàn? Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ yunifásítì ná, kó tó máa ṣe fàájì."

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń rí ní kíláàsì. JAMB máa ń yan ìwé ìtàn kan fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò wọn, ìbéèrè 10 nínú 60 tí wọ́n ń béèrè nínú Gẹ̀ẹ́sì, inú ìwé yẹn ló ti ń wá. Kí làwọn ọmọ wa ń ṣe? Wọ́n ń ra ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sí, wọ́n ń kọ́ ọ sórí bí ẹni kọ́ àkọ́sórí Bíbélì. Ìtàn odindi kan tí ẹni tó mọ ìwé kà máa parí láàárín ọjọ́ méjì, ohun ìdààmú oṣù mẹ́ta ni fún wọn. Nínú ìdánwò àṣekágbá náà, àyọkà wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó wà nínú Yorùbá. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ò mọ́ ìwé á ka àyọkà náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mọ ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀, aago ò sì ní í dúró dè é.

Síbẹ̀, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi WAEC tàbí JAMB ṣe ìdí tí ọmọ á fi ka ìtàn. Bí ẹ bá sọ fún un pé "ka ìtàn kó o lè pàásì," ìbáwí yẹn náà lẹ tún gbé dé. Ogún ìṣẹ́jú kó tó sùn ò lè pa Físíìsì lára.

* * *

Lórí "kí ni ẹ̀kọ́ tó o rí kọ́?"

Bàbá kan tako mi níbí, àtakò tó sì mọ́gbọ́n dání ni. Ó ní kò sí ìtàn Yorùbá tí kò lẹ́kọ̀ọ́ nínú, pé àwọn ìyá wa kì í pàlọ́ kí wọ́n má fi ẹ̀kọ́ parí rẹ̀, kí ló dé tí mo fi ní ká má bi ọmọ?

Òótọ́ ni pé àlọ́ ní ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ààlọ́ o! Ààlọ̀! Orin ń bẹ, ègbè ń bẹ, ẹ̀rín ń bẹ. Ìyá mi àgbà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ní àlọ́ kan tá a máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún pa á, gbogbo wa la sì ti mọ̀ pé Ìjàpá máa ṣubú lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ la tún ń fẹ́ gbọ́, orin rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán, wọn ò ní ká mú bírò wá. Ọmọ tó sùn lọ láàárín àlọ́, wọn ò nà án láàárọ̀ pé kò mọ òpin rẹ̀.

Bí ọmọ bá wá fúnra rẹ̀ láti sọ ohun tó kà, ẹ pa iná síìtófù, kẹ́ ẹ jókòó gbọ́. Èyí yàtọ̀ sí ká máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

* * *

Sí ẹni tó ní "kíkàwé kì í ṣe àṣà àwa Yorùbá"

Mi ò gbà. Ọdún 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, lédè Yorùbá, ó sì sọ pé òun fẹ́ kó mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa kàwé fún ìmọ̀. Ẹ bi àwọn tó ti lé ní 50 ọdún nípa Atọ́ka, ìwé tí wọ́n fi fọ́tò ṣe eré sí ojú ìwé rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹni méjìlá ń dìrọ̀ mọ́. Kò sí tíṣà tó ní ká kà á. Ohun tí à ń kà ló ṣọ̀wọ́n báyìí.

* * *

Èdè wo ni ká fi bẹ̀rẹ̀?

Ibí yìí ni ìjà pọ̀ sí, ibí yìí ni mo sì fẹ́ pẹ́ díẹ̀.

Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, nítorí òun ni wọ́n fi ń wáṣẹ́. Iléèwé wà níbí tí wọ́n ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ "fànákúlà", ìyẹn èdè abínibí. Àwọn kan ní Yorùbá ni, kíá, láìsí àníàní. Ti ìyá mìíràn ní Oǹdó ló wọ̀ mí lára jù: ó ní èdè Oǹdó lọmọ òun ń sọ nílé, Yorùbá inú ìwé gan-an ṣe é bí èdè àlejò, àmì orí ọ̀rọ̀ sì ń dà á láàmú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ń bẹ̀rù Yorùbá lóhùn. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń rì sínú ìtàn lédè kan, kì í ṣe tuntun mọ́ tó bá dé èdè kejì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olólùfẹ́ Yorùbá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi náà. Àwa la ń lé àwọn ọmọ sá. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ni, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Tíṣà ni. Ìdíje kan tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ ní 1936 ló kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Ọmọ ìlú ẹni kọ irú ìwé báyìí, àwọn ọmọ wa sì ń sá fún un, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, ìbéèrè ló tẹ̀ lé e: "Ṣe àgbéyẹ̀wò ìfìwàwẹ̀dá." Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín, wọn ò tíì bẹ̀rù, a ti ní kí wọ́n ṣe àgbéyẹ̀wò.

Ohun tí mo ṣe rèé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ ká jáde, mo kó àwọn ọmọ SS1 jọ, mo ní kí wọ́n pa ìwé wọn dé. Mo ka ìtàn Fágúnwà náà sókè bí ẹni ń pìtàn létí iná. Kì í ṣe ojú ni wọ́n kọ èdè yẹn fún, etí ni. Gbólóhùn tó dà bíi pé ó gùn jù lórí ìwé, bí ẹnu bá ti gbé e, ìlù ló ń lù. Ìgbà tí Àgbákò yọ sí ọdẹ náà, tí ìjà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo pa ìwé dé, mo ní ó di ọjọ́ mìíràn. Ariwo tí wọ́n pa, ọ̀gá wa sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí iléèwé tó túká, ọmọkùnrin méjì ti wá yá ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń jà sí ẹni tó máa kọ́kọ́ gbé e lọ.

Fún àwọn tí iwin àti ọdẹ ò bá wù, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ń bẹ. Àjà Ló Lẹrù, 1969, ìtàn Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó ń lépa àwọn ọ̀daràn. Mo ti rí ọmọ tó ní òun ò gbọ́ Yorùbá ìjìnlẹ̀ tó fi tọ́ọ̀ṣì kà á mọ́jú.

Ní ti àmì orí ọ̀rọ̀ àti èdè ilé: ìyá Oǹdó, ẹ bá a ka orí kìíní sókè, kẹ́ ẹ fi èdè ilé yín túmọ̀ ibi tó bá le. Tó bá dé orí kẹta, kò ní í bi yín mọ́.

* * *

Fóònù. Mo gbọ́ igbe gbogbo yín. Èmi ò ka fóònù sí ọ̀tá. Àwọn ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi ń ka ìtàn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, apá kìíní, apá kejì, títí dé apá kejìlélógójì. Ìwé kíkà nìyẹn. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé ìró àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọlé láàárín ìtàn kì í jẹ́ kí wọ́n rì sínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pa dátà bí wọ́n bá ń kà á.

* * *

"Ìwé ìfẹ́ ni wọ́n ń kà, ó sì ń bà wọ́n jẹ́"

Ẹ̀yin òbí mẹ́ta lẹ sọ èyí. N ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ìwé tí kò yẹ ọmọ wà lóòótọ́. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó dájọ́ fún un. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ọmọ, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta girama, olùkọ́ kan ká nófẹ̀lì mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀kan lára àwọn Pacesetters kéékèèké ìgbà náà. Ó fà á ya lójú gbogbo kíláàsì. Mo yá a ni, oṣù méjì ni mo fi tu owó rẹ̀ jọ fún ẹni tó ni ín. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ló kù kí n parí rẹ̀. Kò sí ohun búburú kankan nínú rẹ̀, ìtàn àwọn ajínigbé ni. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, n kì í ṣí ìwé ìtàn níta gbangba láìwẹ̀yìn wò. Ohun tí mo fi di tíṣà nìyẹn, ká sọ òótọ́.

* * *

Ìyá kan ní Òkè-Àró ní ọmọbìnrin òun, bó bá ti jókòó ti ìwé, ọbẹ̀ á jóná, pé ọ̀lẹ ló ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń wo bọ́ọ̀lù fún wákàtí méjì ńkọ́, ìyá? Ẹ fún ọmọ yẹn ní wákàtí kan tó máa jẹ́ tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní í pè é níbẹ̀. Kó mọ̀ ọ́n, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n.

* * *

Ìwé tó ń sọnù

Tíṣà kan béèrè bí mo ṣe ń ṣe é tí àpótí ìwé ìtàn tí mo ń yá àwọn ọmọ kíláàsì mi ò fi ṣófo. Ó ń ṣófo. Ìwé 31 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 12 ni kò padà lọ́dún àkọ́kọ́. Mo bínú, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Kò sẹ́ni tó yá ìwé lọ́wọ́ mi fún odindi táàmù kan, gbogbo ìwé pé pérépéré, kò sì sẹ́ni tó kà wọ́n. Mo tún ṣí i.

Lọ́dún kejì, ọmọ kan dá ọ̀kan padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, epo ti ta sí i, orúkọ ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ iléèwé wa nínú wọn. Ó ti yí àdúgbò kan ká ní Ìjọ̀kà. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, mo dá a padà sínú àpótí. Láti ìgbà náà, mo kàn ń kọ orúkọ ẹni tó bá gbé e sínú ìwé kan, mo sì ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pé kí wọ́n fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ta mí lọ́rẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí olè ti àpótí pa.

* * *

Ìyá tó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè padà wá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:

"Tíṣà, mo mú un lọ sọ́jà bẹ́ ẹ ṣe wí. Ìwé ìtàn agbábọ́ọ̀lù kan tó ti gbó ló yàn, kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́. Ó dùn mí, nítorí àwọn tó mọ́ wà níbẹ̀. N ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Lánàá ó gbé e wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì jáde, àbúrò rẹ̀ ń gbá ilẹ̀kùn. Bàbá wọn ní ṣé kóun bi í pé ibo ló bá a dé?"

Kí bàbá má bi í o! Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ fún àbúrò náà ní ọ̀kan nínú mẹ́ta abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ nu eruku rẹ̀, ẹ kàn gbé e sí ibi tó máa ti rí i.

Mo ní ìtàn bọ́ọ̀lù méjì nínú àpótí, ọ̀kan Yorùbá, ọ̀kan Gẹ̀ẹ́sì. Awakọ̀ kan tí mo mọ̀ ń lọ sí Oǹdó láàárọ̀ Sátidé, màá fi méjèèjì rán an sí yín. Bí wọn ò bá tètè padà, kò sí wàhálà.